Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Gbé Alùpùpù Tí Ó Bàjẹ́

Bí alùpùpù bá kú sí ojú ọ̀nà, ẹ má ṣe so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ máa wọ́ ọ lọ. Táyà méjì péré ni ó ní. Bí okùn bá fà lójijì, ọwọ́ náà yóò yí, ẹni tí ó gùn ún yóò sì ṣubú.

Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ ti ọ̀nà epo rẹ̀, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí táyà iwájú kan pátákó ọkọ̀. Okùn mẹ́rin ni kí ẹ fi dè é, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Lẹ́yìn ibùsọ̀ díẹ̀, ẹ dúró yẹ okùn wò, nítorí ọ̀nà gbágungbàgun a máa tú u. Owó ọkọ̀ kéré sí owó tí a ó fi to egungun.