Aṣọ Tuntun Nínú Ọkọ̀ Ìwòsàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ènìyàn laṣọ mi. Obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru ni ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dájú.

Bí ìrọbí bá di ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sí oníṣègùn nítòsí, orí ọmọ yóò máa tẹ ẹran ara ìyá mọ́ egungun ìbàdí. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹran náà yóò kú, ihò yóò sì lu sí àpò ìtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkú ni a ó bí ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni òórùn yóò dé, tí ọkọ yóò kọ̀ ọ́, tí àwọn ará ilé yóò máa wá àjẹ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀.

Dídí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy ń ṣe. Ní Dẹ́ńmáàkì, ọkọ̀ rélùwéè ni ó ń gbé sọdá omi. Mercy Ships, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ni ó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Ó gúnlẹ̀ sí Lómè ní 2010 àti 2012. Ó wà ní Kútọnu láti 2016 wọ 2017. Kò sí ẹ̀sìn tí a kì í tọ́jú níbẹ̀.

Orí ibùsùn ni aláìsàn ti ń bá ẹ̀bùn pàdé: búláńkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará òkèèrè fi ọwọ́ hun, tàbí èyí tí wọ́n fi àjákù aṣọ rán pọ̀, ọmọlangidi aláṣọ fún àwọn ọmọdé. (Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì inú àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe àjèjì sí èyí. Aṣọ tí Dọ́káàsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó kó han Pétérù ní Jóppà.) Kí ni búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́ ṣe ní Kútọnu tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín? Inú irin ni wọ́n wà, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sì í sinmi. Ní ti nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Fọ̀n tàbí Nàgó, ògbufọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òru kò ṣeé túmọ̀.

Bí ara àwọn obìnrin náà bá ti yá, a ń ṣe ayẹyẹ fún wọn. Aṣọ tuntun, gèlè tuntun, ìlù àti orin. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò dìde, yóò jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ni ó ń yọrí sí rere, ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ sì ti nílò ọgbọ́n. Ẹni tí ìtọ̀ ṣì ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ nínú ẹ̀rí ẹlòmíràn pé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni ó kéré. Ẹni tí ó hun búláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò kúkú mọ̀, nígbà tí ó ń hun ún, bóyá yóò gbẹ tàbí kò ní gbẹ.