Láti Mọ́níyà dé Ògbómọ̀ṣọ́: Irú Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Bá Wa Mu

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun ni mo bá wá, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ rán wa létí ibi tí ọkọ̀ àtijọ́ gbà kọjá lára wa.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yìí yóò rò pé Ọ̀yọ́ ló kàn, kó sì ti ibẹ̀ forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gba Ìwó àti Ẹdẹ dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀lé e lọ sí Òṣogbo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń lọ ṣòwò ní Kánò ní láti kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe dé Ìlọrin tàbí Ọ̀fà kó tó rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ bí àwọn baba wa ṣe fẹ́ràn òwò ọ̀nà jíjìn tó. Láti ìgbà Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni ìjọba Ọ̀ṣun ti ń gbé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ wálé fún àwọn ọmọ wọn nígbà ọdún. Gáréèjì ni tiwa.

Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Buhari ṣí ojú irin tuntun, kìlómítà 157, láti Èkó dé Mọ́níyà. Ẹ fiyè sí Mọ́níyà yẹn. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an ló wà! Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ ti kọjú sí Fìdítì àti Ìlọrà, inú bọ́ọ̀sì ni yóò sì ti parí ìrìn àjò rẹ̀, láàárín àwọn tírélà. Láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí kìlómítà 90 lọ.

Bí a bá wá fẹ́ fa irin yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ wo ni kó máa rìn lórí rẹ̀? Àwọn kan ń sọ pé kó jẹ́ oníná, bíi Blue Line Èkó tó ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà 13 péré nìyẹn, àárín ìlú ńlá ló sì wà. Ta ni yóò ta wáyà gba inú igbó kìlómítà 90, nígbà tí iná orílẹ̀-èdè yìí ń dákú léraléra?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń mu epo dísù kì í fi ẹ́ńjìnnì yí ẹsẹ̀ wọn tààrà. Ẹ́ńjìnnì ń yí jẹnẹrétọ̀, iná tí jẹnẹrétọ̀ bá pèsè ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bátìrì ni wọ́n fi kún irú èyí tí mo rò pé ó bá wa mu. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ yóò di ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, iná náà yóò sì wọ bátìrì dípò kó di ooru lásán. Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, tí ẹ́ńjìnnì ì bá máa jẹ epo jù, bátìrì ni yóò tì í. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ àti inverter nílé ti mọ ọgbọ́n náà.

Japan ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ kó èrò. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2007 ni ọkọ̀ KiHa E200 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú irin Koumi. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 79, ẹyọ irin kan ni, orí òkè ló gbà; ibùdókọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ga tó mítà 1,345. Èrò ibẹ̀ kò pọ̀. Epo tí wọ́n rí fi pa mọ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń retí iṣẹ́ ìyanu yóò ní kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra dísù láti 2023 wá síbí kò ní bá a rẹ́rìn-ín.

Irú kejì wà. Àwọn ọmọ wa tó ń wọkọ̀ ní Paddington, London, mọ̀ ọ́n: abẹ́ wáyà ni yóò ti lo iná, níbi tí wáyà bá tán, dísù yóò gbà á. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ìjọba Britain fagi lé wáyà tí wọ́n fẹ́ ta láti Cardiff dé Swansea. Ọkọ̀ ṣì ń dé Swansea. Bí Britain bá lè sá fún owó wáyà, kí ni tiwa? Bátìrì ni kí a mú, nítorí a kò ní wáyà kankan tí ọkọ̀ yóò sá wọ abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní àbùkù o. Ooru kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́, ọkọ̀ náà sì ń fẹ́ oníṣẹ́ tó mọṣẹ́. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́ wọn.

Owó irin gan-an ló wúwo jù. Nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n ní Èkó sí Ìbàdàn gbà, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìṣúná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ọdún 2025, nǹkan bíi bílíọ̀nù 680 náírà, kò lè kó ju nǹkan bí ìdajì kìlómítà 90 lọ. Ṣùgbọ́n irin méjì-méjì ni ti Èkó. Ẹyọ kan tó wa, bíi ti Koumi, kí ọkọ̀ méjì máa pàdé ní Ọ̀yọ́. Ìwọ̀n irin náà sì gbọ́dọ̀ bá ti Mọ́níyà dọ́gba, mìlímítà 1,435, kí èrò má baà máa sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n àtijọ́, 1,067, a ti fi owó ṣòfò.

Láti oṣù Kẹta ọdún 2023, àtúnṣe òfin ìpilẹ̀ ti fún ìpínlẹ̀ ní agbára lórí ojú irin, nítorí náà a kò lè máa sọ pé Àbújá ló dí wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ fi owó ìwọ̀n ilẹ̀ sínú ìṣúná tó ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awọnlẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín; ẹ gbéṣẹ́ náà fún wọn, kí ẹ sì fòfin dá ilẹ̀ tí irin yóò gbà sí kí ilé tó gbà á láàárín Ìlọrà àti Ọ̀yọ́.