Èjìká tí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Pa Lára: Ohun tí Òfin Amẹ́ríkà Wí

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀, òfin kan ń bẹ ní Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ kí ẹni tí abẹ́rẹ́ àjẹsára pa lára lè gba owó gbà-má-bínú láì bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ṣọ̀tá. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe é; ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988.

Inú ẹran apá ni ó yẹ kí abẹ́rẹ́ bíi ti ọ̀fìnkìn líle wọ̀. Bí a bá gún un ga jù, oògùn lè bọ́ sínú àpò omi kékeré tí ó wà ní oríkèé èjìká, kí ibẹ̀ sì wú. Ìrora tí ìbá lọ ní ọjọ́ díẹ̀ á wá pẹ́ títí. Apá kò ní lè gòkè láti ya irun tàbí wọ ẹ̀wù.

Ní 2017, ìjọba fi ìpalára yìí sínú àkọsílẹ̀ òfin náà. Kò di dandan kí olùpẹ̀jọ́ fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Bí èjìká náà kò bá ní àrùn tẹ́lẹ̀, tí ìrora bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, tí kò kọjá èjìká tí a gún, tí kò sì sí ohun mìíràn tí ó lè fà á, òfin á gbà pé abẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìnira náà gbọ́dọ̀ ju oṣù 6 lọ, àfi bí ó bá gba iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn.

Ìjọba àpapọ̀ ni olùjẹ́jọ́, ní ilé-ẹjọ́ kan ní Washington. Owó orí tí a ń gbà lórí àjẹsára, sẹ́ǹtì 75 fún àrùn kọ̀ọ̀kan tí ó ń dènà, ni a fi ń san án. Owó ìrora nìkan kò lè ju dọ́là 250,000 lọ. Bí olùpẹ̀jọ́ tilẹ̀ pàdánù, ètò náà lè san owó agbẹjọ́rò rẹ̀, bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti òtítọ́ inú tí ó sì ní ìdí.

Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n sùúrù tí kò dé ilé-ìwòsàn a máa ba ẹjọ́ yìí jẹ́. Ẹni tí ó ń fara dà á láì sọ fún dókítà ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ kò ní ìwé tí yóò jẹ́rìí fún un. Bí ọdún 3 bá sì kọjá láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ ti yọ, ìlẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ ti tì.

Kí a gba àjẹsára dára. Kí ìlú tọ́jú ẹni tí ó fara gbà á nínú rẹ̀ náà dára.