Ẹrẹ̀ Dúdú Inú Rọ́tọ̀: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ẹ̀ka Ẹ̀rọ Dísù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí lónìí, àwọn mìíràn á gbà yín nímọ̀ràn nípa owó, ìgbéyàwó àti ìwà ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ ti orí pèpéle yìí dá lórí ohun èlò kan ṣoṣo tí ọwọ́ méjì lè gbé: sẹ́ńtírífúùjì, ẹ̀rọ tó ń fi yíyí fọ ọ́ìlì mọ́ lára ẹ́ńjìnnì dísù ńlá. Mẹkáníìkì tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ á gba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ikú àìtọ́jọ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á máa wò ó lára ẹ́ńjìnnì bí irin tí kò wúlò.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníwàrà ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1878, ará Sweden kan, Gustaf de Laval, ṣe ẹ̀rọ tó ń fi yíyí ya ọ̀rá kúrò lára wàrà. Ní 1883, òun àti Oscar Lamm dá AB Separator sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Alfa Laval lónìí. Rudolf Diesel ní tirẹ̀ kẹ́sẹ járí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Augsburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1897. Ọdún kan náà, 1913, ni àwọn méjèèjì kú: de Laval ní oṣù kejì, Diesel ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tó pòórá nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wá pàdé nínú yàrá ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ òkun. Títí di òní, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ńláńlá tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí òkun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé wọ́n dà á nù, nítorí pé sẹ́ńtírífúùjì tí iná mànàmáná ń yí kì í yé fọ̀ ọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ.

Kí ló ń ba ọ́ìlì jẹ́ gan-an? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí náà ti ń wá: èéfín dúdú tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì písítìn kọjá, ìyẹ̀fun irin tó ń ré kúrò lára bẹ́árìn, àti eruku tó bá jàjà gba fíltà afẹ́fẹ́ wọlé. Láti 2002 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà ti ń dá díẹ̀ lára èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ ìlú lè mọ́. Ìlera aráàlú jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ọ́ìlì wúwo sí i. Èéfín dúdú yìí kéré débi pé ẹyọ rẹ̀ kì í tó máíkírọ́nù kan, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 70 máíkírọ́nù. Fíltà oníbébà tí gbogbo ọ́ìlì ń gbà kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó bá kéré ju 20 sí 40 máíkírọ́nù mú. Bẹ́ẹ̀, máíkírọ́nù díẹ̀ péré ni ọ́ìlì tó la bẹ́árìn àti kírànńkì láàárín fi ń nípọn. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí tó lè ha irin gan-an ni fíltà ń jẹ́ kó kọjá.

Ẹ wo ìyá tó ń sẹ́ ògì. Asẹ́ gba èèrí dúró, ṣùgbọ́n ògì tó kúnná bá omi kọjá. Ohun tó ń ya ògì náà kúrò lára omi ni sùúrù: wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè sílẹ̀, kí omi sì tòrò lórí. Fíltà ni asẹ́, sẹ́ńtírífúùjì ni sísílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òòfà ilẹ̀ nìkan ló ń fa ògì sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ráyè dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí yíyí ṣe ń mú sísílẹ̀ náà yá, ó ṣe tán, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ lẹ jẹ́. Bí rọ́tọ̀ kan, ìyẹn apá tó ń yí nínú sẹ́ńtírífúùjì, bá jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti àárín dé ògiri rẹ̀, tó sì ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ògiri yẹn ń sáré ju kìlómítà 110 lọ ní wákàtí. Agbára tó ń ti ìdọ̀tí mọ́ ọn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2,000 ti òòfà ilẹ̀. Èéfín dúdú àti irin wúwo ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà ara ògiri ni wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́, wọn á sì dì gbagidi níbẹ̀.

Lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àti jẹnẹrétọ̀, kò sí mọ́tò tó ń yí rọ́tọ̀ yìí. Díẹ̀ lára ọ́ìlì tí páńpù ń tì ló ń yà sínú ọ̀pá oníhò tó wà láàárín rẹ̀, tó ń kún inú rọ́tọ̀, tó sì ń tú jáde lẹ́nu nọ́sù kéékèèké méjì nísàlẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà tirẹ̀. Agbára ìtújáde yẹn ló ń ti rọ́tọ̀ yí. Ọ́ìlì tó ti mọ́ á wá fúnra rẹ̀ ṣàn padà sínú páànù ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí sẹ́ńtírífúùjì fi gbọ́dọ̀ wà lókè ju ibi tí ọ́ìlì kún dé nínú páànù lọ: bí ọ́ìlì bá dá dúró yí rọ́tọ̀ ká, yíyí rẹ̀ á falẹ̀, ìfọ̀ á sì parí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní fáàfù kan tí kì í ṣí bí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ jù, kí bẹ́árìn má bàa pàdánù ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí lítà 5 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì lítà 40 á ti tó ìwọ̀n tó kọjá tán ní ìṣẹ́jú 8.

Àwọn Scania tó ń gbé ẹrù kiri ní irú rẹ̀ lára. Mack náà ti lò ó, ó pe tirẹ̀ ní Centri-Max. Kódà Land Rover fi ọ̀kan sára ẹ́ńjìnnì Td5 tó gbé jáde ní 1998, bẹ́ẹ̀ jíìpù lásán nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí kò lè ṣe, nítorí àwọn ọlọ́jà á purọ́ fún yín. Kò lè yọ dísù tó ti yòrò mọ́ ọ́ìlì. Kò lè dá kẹ́míkà tó ń gbógun ti ásíìdì padà sípò bí ó bá ti tán. Kò lè sọ ayédèrú ọ́ìlì di ojúlówó. Ọkọ̀ tó ní sẹ́ńtírífúùjì ṣì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀ lásìkò tí ẹni tó ṣe é bá sọ, àyàfi bí àyẹ̀wò ọ́ìlì bá fi hàn pé ó lè pẹ́ sí i.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé: ẹ̀rọ yìí ń kó ìdọ̀tí jọ, kì í dà á nù. Ọwọ́ èèyàn ló ń dà á nù. Bí ẹrẹ̀ bá kún inú rọ́tọ̀, kò sí àyè fún tuntun, ọ́ìlì á kàn máa gba inú rẹ̀ kọjá ni. Kò ní pariwo, kò ní tan iná pupa kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Etí ni ohun èlò àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, rọ́tọ̀ tó pé kì í dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ṣì máa han hùùù fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́. Bí ìró yẹn kò bá sí, ẹ tú u wò. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ kí ẹ tó tú u, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara fún ẹni tó bá ń fọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ fi igi tàbí ọ̀rá líle ha ẹrẹ̀ náà kúrò, kì í ṣe irin. Bí bébà tó ń gba ẹrẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi tuntun sí i. Ẹ má ṣe fi wáyà gún nọ́sù débi tí ihò rẹ̀ á fi fẹ̀. Àmì tó wà lára ìdérí àti ara rọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má sì ṣe gbé ìdérí ti ọ̀kan lé òmíràn, nítorí rọ́tọ̀ tí kò dúró déédéé, tó ń yí ní ìgbà 6,000, á jẹ bẹ́árìn ara rẹ̀ run.

Kí ẹ tó da ẹrẹ̀ náà nù, ẹ kà á. Bí irin bá ń dán yinrin nínú rẹ̀, bẹ́árìn tàbí nǹkan mìíràn ti ń jẹ. Bí ó bá kún dé ẹnu nígbà gbogbo, sáfíìsì ti pẹ́ jù, tàbí kí ẹ́ńjìnnì máa jó dísù rẹ̀ láìdáa. Bí kò bá sì sí nǹkan kan níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí, kí inú yín má tíì dùn: ó ṣeé ṣe kí rọ́tọ̀ má yí rárá. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó bá ń wọn ẹrẹ̀ yìí lórí òṣùwọ̀n, tó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe, á mọ ohun tó ń bọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dẹnu kọlẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń jáde sí yìí ń gbé lórí dísù. Jẹnẹrétọ̀ ló ń mú iná dé ilé ìwòsàn nígbà tí iná ìjọba bá lọ, òun ló ń gbé òpó tẹlifóònù dúró, tírélà ló sì ń kó ẹrù Àpápá lọ sí òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì náà ni tòkunbọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí wọ́n ti fọ rọ́tọ̀ wọn kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, ẹ bèèrè bóyá ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ ní sẹ́ńtírífúùjì. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ yọ ọ́ jù nù kí ẹ sì dí ojú ihò rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹ tú u ní gbogbo sáfíìsì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ sì di ẹrẹ̀ náà sínú ike fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì gbígbó. Ẹ má dà á sí gọ́tà.