Ẹ̀nà: Ọ̀rọ̀ Àṣírí ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹni tí ó bá dúró ní ibùdókọ̀ Igánmú ní òwúrọ̀ yóò ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí awakọ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ àti agbèrò ń bá ara wọn sọ ni ó ń yé èrò ọkọ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Etí gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ fara pamọ́. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ a máa pe irú èdè bẹ́ẹ̀ ní èdè ọmọ ìta, wọn a sì na ọmọ tí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dá èdè lẹ́bi kí a tó mọ ìdí rẹ̀? Kí ìdáhùn lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí irú èdè bẹ́ẹ̀ ti lókìkí, kí a tó padà sílé.

Àwọn mẹ̀kúnnù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni a ń pè ní Cockney. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí wọ́n bí síbi tí a ti lè gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì St Mary-le-Bow ni ojúlówó wọn. Ní 1851, Henry Mayhew kọ̀wé pé àwọn tí ń kiri èso àti ẹja ní ìgboro a máa pe ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú: “penny” a di “yenep”. Ní 1859, John Camden Hotten tẹ ìwé atúmọ̀ jáde, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ẹ̀nà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, láàrin àwọn tí ń kọrin tà ní títì. Èyí ni ó gbajúmọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ àtẹ̀gùn, tí í ṣe “stairs”, wọn a wí pé “apples and pears”, nítorí pé ìparí “pears” dún bí ti “stairs”. Lẹ́yìn náà, wọn a gé “pears” sọnù, a ku “apples”. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yóò máa wá èso kiri. Bákan náà ni “loaf of bread” ṣe di orí, tí í ṣe “head”. Títí dòní ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ fún ẹni tí kò ronú pé kí ó lo “loaf” rẹ̀. Àwọn kan ní nítorí ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní eré ni. Méjèèjì lè jọ rìn.

Yorùbá náà ní ẹ̀nà, oríṣìí rẹ̀ sì pọ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nínú àròkọ ìwádìí kan ní 1982. Ọ̀kan tí àwọn ọmọdé mọ̀ dáadáa ni kí a fi “g” àti fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú kún sílébù kọ̀ọ̀kan. “Ó ti dé” a di “Ógó tigi dégé”. Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀. “Ọkọ” di “ọgọkọgọ”, “ọkọ́” di “ọgọkọ́gọ́”, “ọkọ̀” sì di “ọgọkọ̀gọ̀”. A da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ kan ohùn rẹ̀, nítorí pé bí ohùn bá yí, ọ̀rẹ́ pàápàá kò ní gbọ́.

Ṣé Yorùbá kò wá mọ ọgbọ́n ìdún-jíjọ ni? Ó mọ̀ ọ́n. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà dúró fún fífà mọ́ra, nítorí “ẹ̀fà” àti “fà”; mẹ́jọ dúró fún jíjọ, nítorí “ẹ̀jọ” àti “jọ”. Gígé ọ̀rọ̀ kúrú náà kò ṣàjèjì. Nínú ọkọ̀ tí ó ń kọjá ní Igánmú, ẹni tí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kò ju “Ó wà o!” lọ. Àlejò a bèèrè pé kí ni ó wà. Awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.

Lóòótọ́, jàgùdà lè fi ẹ̀nà pa ìmọ̀ ibi mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń pa ènìyàn náà ni a fi ń gé iṣu. Ọmọ tí ó ń fọ ẹ̀nà ti pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó sì ti ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀, kí olùkọ́ tó fi ẹfun kọ ohunkóhun sójú pátákó. Bí a bá nà án, a ti na ìmọ̀ tí à ń wá. Kò yẹ kí ẹ̀nà wọ inú àròkọ ìdánwò. Èdè kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ ní kí ọmọ náà wá ṣàlàyé òfin ẹ̀nà rẹ̀ fún kíláàsì. Ẹ̀kọ́ gírámà tí kò ní gbàgbé láé nìyẹn.