Kí ni Ìdí tí ó Tọ́? Ọ̀rọ̀ lórí Dídá Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ Dúró lábẹ́ Ìwé Àdéhùn

Wọ́n fún mi ní àyè láti mú ọ̀rọ̀ tí ó bá wù mí, mo sì mú èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ní ọjọ́ tí a bá gbà wọ́n sí iṣẹ́: irú ìdí wo ni ó tó láti fi lé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kí ọjọ́ àdéhùn rẹ̀ tó pé? Ọ̀gá tí mo ń wí ni ẹni tí ìgbìmọ̀ olùdarí fi ìwé gbà láti máa ṣe àkóso fún wọn, yálà olùdarí àgbà ni a pè é tàbí orúkọ mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń dé ilé ẹjọ́ lórí ọ̀ràn yìí ni a ti gbìn ní ọjọ́ tí a kọ ìwé àdéhùn, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn, tí ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè pé: bí a bá jà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí pé lójoojúmọ́ ni a máa ń pò wọ́n pọ̀. A lè fi òpin sí iṣẹ́ ènìyàn nípa fífún un ní ìwé pé lẹ́yìn oṣù kan tàbí mẹ́ta, a kò ní fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. A sì lè lé e lójú ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ta àbàwọ́n sí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ti èkejì ta àbàwọ́n sí i, ó sì tún mú owó lọ, nítorí pé ẹni tí a bá lé báyìí kì í gba owó oṣù ìfitónilétí, ó sì lè pàdánù owó mìíràn tí àdéhùn ti ṣe ìlérí rẹ̀. Òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà kí agbanisíṣẹ́ lo ọ̀nà àkọ́kọ́ láì sọ ìdí kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu sọ ìdí, òun ni yóò fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ níwájú adájọ́. Nítorí èyí, àwọn agbẹjọ́rò kan máa ń gba agbanisíṣẹ́ ní ìmọ̀ràn pé kí ó pa ẹnu mọ́. Ìmọ̀ràn náà bá òfin yẹn mu. N kò rò pé ó bá ìwà ọmọlúàbí mu.

Bí ilé ẹjọ́ bá wá wí pé a kò tẹ̀lé àdéhùn, kí ni ẹni tí a dá dúró yóò rí gbà? Nínú iṣẹ́ aládàáni, adájọ́ kì í sábà dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé òfin kì í fẹ́ fi ipá so ènìyàn méjì tí kò fẹ́ ara wọn mọ́ pọ̀. Owó tí ìbá gbà bí a bá fún un ní ìwé ní àsìkò ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ wí pé oṣù mẹ́ta yóò gba owó oṣù mẹ́ta, bí ó tilẹ̀ ti fi ogún ọdún sin ilé-iṣẹ́ náà. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí pé nígbà tí ó ń túmọ̀ ẹni tí í ṣe òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ aláṣẹ kúrò, pẹ̀lú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Bóyá èrò wọn ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Nítorí náà, ìwé àdéhùn ọ̀gá ni òfin rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ó wà láàárín wa lè wí pé ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ Ọláníyàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Èkó. Yunifásítì náà ti lo gbólóhùn ìfitónilétí inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ láti dá wọn dúró. Ilé ẹjọ́ wí pé òfin tí ó dá yunifásítì náà sílẹ̀, ní ẹsẹ̀ 17, ti la ọ̀nà tí a gbọ́dọ̀ gbà yọ irú wọn, a kò sì lè fi ìwé ìfitónilétí yẹ ọ̀nà náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kan náà ti ṣe irú èyí fún òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ẹjọ́ Shitta-Bey. Òfin ni odi tí ó yí àwọn wọ̀nyí ká. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí ti báǹkì aládàáni kò ní odi kankan àfi èyí tí ó bá mọ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni òfin fúnra rẹ̀ wí pé ó tó láti lé ènìyàn? Ní 1906, nínú ẹjọ́ Clouston àti Corry, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù wí pé kò sí òfin kan pàtó tí ó wọn ìwà àìtọ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni a óò gbé yẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé lórí. Olùdarí àgbà ilé-iṣẹ́ apẹja kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní Ansell, bá àwọn kanlékanlé ọkọ̀ ojú omi ṣe àdéhùn lórúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ náà lé e nítorí ìdí mìíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e tán ni wọ́n tó mọ̀ nípa owó ẹ̀yìn náà. Ní 1888, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé wọ́n lè fi ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí náà gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yìí ní ti olè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó lè bí: ìgbìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ lé ènìyàn, tí ó wá jókòó máa tú fáìlì wò láti wá ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò bá ìyà tí ó ti fi jẹ ẹ́ mu.

Ẹjọ́ tí ó kọ́ni jùlọ lórí ọ̀ràn yìí ni ti ilé-iṣẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, Michael Ovitz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá àgbà, Michael Eisner, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni. Ovitz ti dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó rẹpẹtẹ sì ń wọlé fún un níbẹ̀, nítorí náà ó fẹ́ ohun tí yóò dáàbò bò ó bí nǹkan kò bá dára. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí Disney bá dá a dúró láì jẹ́ pé ó ṣe àìbìkítà tí ó rékọjá ààlà tàbí ìwà ìbàjẹ́ nínú iṣẹ́, yóò gba owó tí ó kù nínú àdéhùn, yóò gba 10 mílíọ̀nù dọ́là mìíràn, ẹ̀tọ́ láti ra ìpín mílíọ̀nù mẹ́ta yóò sì di tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Oṣù mẹ́rìnlá péré ni wọ́n jọ ṣe. Ìwà rẹ̀ kò bá ti ilé náà mu, àwọn ọ̀gá yòókù kò sì fẹ́ràn rẹ̀. A gbọ́ nílé ẹjọ́ pé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìpàdé, òun gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996 wọ́n ní kí ó máa lọ. Eisner béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ bóyá a lè wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni a tìtorí rẹ̀ lé e, èsì agbẹjọ́rò sì ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ovitz kó nǹkan bí 130 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Inú bí àwọn onípìn-ín, wọ́n pe ìgbìmọ̀ olùdarí lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì pẹ́ kí ó tó parí. Ní 2005 ni ilé ẹjọ́ ní Delaware dá àwọn olùdarí láre. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ fi ọwọ́ sí i ní 2006. Adájọ́ kò yin àwọn olùdarí náà. Ó kàn wí pé ìwà Ovitz, bí ó ti lè bí ènìyàn nínú tó, kò wọ inú ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn fúnra wọn kọ sílẹ̀.

Àwọn kan ń fi ẹjọ́ yìí bú Ovitz. Èmi kò bú u. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ìbéèrè tí mo ní wà fún ìgbìmọ̀ náà: kí ló dé tí kò sí ọ̀nà kankan láàárín ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí kì í gba ènìyàn ní kọ́bọ̀ àti àìbáramu tí ó gba 130 mílíọ̀nù? Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ dáadáa, wọn kò rántí kọ ohunkóhun fún ẹni tí kò ṣẹ̀ tí kò sì wúlò.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òdìkejì ni mo sábà máa ń rí nínú ìwé àdéhùn. A máa ń kọ pé a lè lé ọ̀gá “bí ó bá hu ìwà tí kò yẹ lójú ìgbìmọ̀”. Lójú ta ni? Lójú ẹni tí ó fẹ́ lé e. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí tilẹ̀ sọ ẹnìkan náà di olùfisùn àti adájọ́ pọ̀. Kí a yọ “lójú ìgbìmọ̀” kúrò, kí a sì dárúkọ ìwà náà: gbígba owó ẹ̀yìn, fífi ìwé owó pa irọ́, kíkọ àṣẹ tí ó bófin mu tí a fi ìwé pa. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni “àìṣe dáadáa”. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Èrè lè dín kù nítorí ọ̀gá ya ọ̀lẹ, ó sì lè dín kù nítorí náírà já wálẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi àìṣe dáadáa ṣe ìdí, kí a kọ iye tí a retí, kí a kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i, kí a sì fún un ní àkókò tí a dá láti tún un ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ àti iṣẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹsẹ̀ 288 Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fún àwọn onípìn-ín ní agbára láti dìbò yọ olùdarí kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ohun yòówù tí àdéhùn ìbáà wí, bí wọ́n bá ti fún un ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò gba owó tí àdéhùn iṣẹ́ jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn 158 ti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1982, wí pé a kò gbọ́dọ̀ dá ènìyàn dúró láì ní ìdí tí ó bá agbára rẹ̀, ìwà rẹ̀, tàbí àìní ilé-iṣẹ́ mu. Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, láti ìgbà tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin wa ti fún Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀ràn Iṣẹ́ ní agbára láti wo ìṣe tí ayé gbà, àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ ti ń wí pé dídá ènìyàn dúró láì sọ ìdí kò bójú mu mọ́. Àwọn adájọ́ mìíràn ṣì dúró sórí òfin àtijọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ àdéhùn lónìí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ọwọ́ iyàn yẹn.

Ó ku ẹ̀sùn ọ̀daràn, tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jùlọ. Bí àdéhùn bá wí pé “bí a bá fi ẹ̀sùn kàn án”, ọ̀tá kan ṣoṣo ní àgọ́ ọlọ́pàá tó láti ba ayé ọ̀gá jẹ́. Bí ó bá sì wí pé “bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi”, ẹjọ́ lè gba ọdún púpọ̀ kí ó tó parí, ilé-iṣẹ́ yóò sì máa dúró dè é. Ohun tí èmi máa ń dá lábàá ni pé kí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀, kí ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ṣe ìwádìí, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé iye oṣù tí èyí kò gbọdọ̀ kọjá, àti pé owó oṣù rẹ̀ yóò máa wọlé títí di ọjọ́ tí ìwádìí náà yóò fi parí.