Ẹ Jẹ́ Kí Owó Ìrẹsì Wa Gba Inú Ìkòkò Oníbúkà

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ alásè bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò. A gbé e síbí fún àwọn tó wà lókè òkun àti àwọn tí kò ráyè wá.

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, wọ́n sì ní kí n má pẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún alásè, nítorí ohun tí a bá kán lójú kì í jinná. Ṣùgbọ́n màá gbìyànjú.

Ohun tó gbé mi dìde ni ìrẹsì tí a máa ń pín fún àwọn arúgbó wa lópin ọdún. Àpò kan tó jẹ́ kílò 50, tí a bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kóńgò kan, ó máa ń kárí èèyàn tó lé ní 30. Ó dáa. Ẹ wá wo ìyá kan tó ń dá gbé nínú yàrá kan ní Máfólúkù. Ó gba kóńgò tirẹ̀, ó gbàdúrà fún ẹgbẹ́, ó lọ sílé. Gáàsì ti tán. Ata kò sí, òróró kò sí, orúnkún kò sì jẹ́ kó lè dé ọjà. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ó lè tà á fún ará ilé ní owó pọ́ọ́kú kó fi ra búrẹ́dì, tàbí kó sè é lásán, kó da mágí lé e, kó máa jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi alásè ń sọ fún yín, ìrẹsì kọ́ ló wọ́n jù nínú àwo ìrẹsì. Ohun tó yí i ká ló wọ́n: iná, epo, ata, ẹja, àti ọwọ́ tó máa sè é.

Kì í ṣe àwa nìkan. Nígbà kónílé-gbélé ọdún 2020, oúnjẹ tútù ni ìjọba Èkó ń pín. Ní oṣù kẹta 2024 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà Oúnjẹ Èkó ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n yọ 25 nínú 100 kúrò lórí owó ọjà, oúnjẹ tútù náà ni. Ó ran ẹni tó ní ìkòkò, tó ní gáàsì, tó sì ní ẹsẹ̀ tó lè fi tò sórí ìlà lọ́wọ́. Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn kò sí lórí ìlà yẹn.

Ẹni tó ti ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni oníbúkà. Ọ̀dọ̀ Hausa la ti yá orúkọ yẹn, ahéré ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Igi mẹ́rin, páànù lórí, bẹ́ǹṣì méjì. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, mo mọ bí a ṣe ń to ẹran kékeré sí àárín àwo ńlá. N kò sọ pé kò dáa. Àmọ́ n kò rí òtẹ́ẹ̀lì tó mọ ẹni tí kò wá jẹun láti àná. Àwọn oníbúkà tí mo mọ̀ ní Ìsọlọ̀, kò sí èyí tí kò ní bàbá kan tó ń jẹ níbẹ̀ tí kì í sanwó. Wọn kì í sọ ọ́. Wọ́n á kàn bu díẹ̀ sí i, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí oníbàárà bá dúró ti búkà, ó máa ń pẹ́ láyé. Ẹ wo Àmàlà Skye ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Báńkì Skye tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀ títí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì yẹn, ó di Polaris. Àmàlà ṣì ń jẹ́ Skye o!

Tiwa l'Òṣòdì kò rí ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Fashola kó àwọn ọjà abẹ́ afárá àti ojú títì kúrò. Ọ̀nà là, mọ́tò ń rìn, a ò lè purọ́ pé a ò gbádùn rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n wó ọjà Owónífáàrí. Ní oṣù kẹrin 2019, Ààrẹ Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ìgbàlódé Òṣòdì. Nígbà tí olóúnjẹ bá kó ìkòkò rẹ̀ wọ inú àdúgbò, àwa ará àdúgbò ló kù tó máa rà á. Lẹ́yìn náà ni ọjà tún wọ́n. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ NBS ní owó oúnjẹ fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ojú oníbúkà ló kọ́kọ́ rí i. Ó dín ẹran kù, oníbàárà bínú. Ó fi owó kún un, oníbàárà sá lọ, ẹni tó jẹ àwìn kò sì padà wá. Tí búkà náà bá wá ti ilẹ̀kùn, bàbá tí kì í sanwó yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń jẹun, torí ó kàn án. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù á kúrò n'Ìsọlọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Búrẹ́dì àti àkàrà ní ibùdókọ̀, gala nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tó bá délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òkìtì ẹ̀bà. Àwọn àgbà tó wà nílé náà ń bá wa dúró de ẹ̀bà alẹ́ yẹn! Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n fi ń gbé ọ̀sán. Ọ̀sán ló yẹ kí oúnjẹ wọn pọ̀. Ti mágí náà wà ńbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágí wà nínú kíkà yẹn o, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irú, edé àti àlùbọ́sà tó pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí a bá jẹ́ ẹni tó ń sanwó fún ìkòkò, oníbúkà á gbọ́ tiwa tí a bá ní kó dín in kù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí ẹgbẹ́ mú owó àpò ìrẹsì, kó fi ra káàdì oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn oníbúkà wa. Àwo kan lọ́sàn-án: ẹ̀wà tó rọ̀ tàbí àmàlà tí kò pọ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹja ṣáwá kan. Kí a kọ nọ́ńbà sára káàdì, kí akápò sanwó fún iye tó bá padà wá ní ọjọọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé oníbúkà á jẹ owó. Ó ṣeé ṣe. Ṣé ìrẹsì kì í sọnù láti ọkọ̀ dé gbọ̀ngàn ni?

Ti ìtìjú ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Kò sí àgbà tó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ kó gbé e sórí WhatsApp. Nítorí náà, káàdì kan náà ni kí gbogbo wa máa rà, èmi àti ẹ̀yin, ká máa fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán tiwa. Ta ló máa mọ ẹni tó sanwó? Ní Naples, nílẹ̀ Ítálì, èèyàn á mu kọfí kan, á sanwó méjì, ẹni tí kò lówó á wá béèrè èkejì. Wọn kò mọ ara wọn. Bí a bá sì rò ó dáadáa, sàárà náà ni. Ẹni tó ń jẹ sàárà kì í béèrè ẹni tó sè é.

Àwọn tí kò lè rìn, ọmọ àdúgbò lè bá wọn gbé e nínú fúláásìkì. Ìjọba Èkó ti fòfin de ike funfun tí a fi ń gbé oúnjẹ láti oṣù kìíní 2024, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rí i níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ò nílò láti fi owó àpò ránṣẹ́ ní Kérésì nìkan. Owó àwo márùn-ún lóṣù tó.

Mo ti bá oníbúkà mẹ́ta sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní Bóládé, méjì n'Ìsọlọ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n ní àwọn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú arúgbó 20, bí akápò bá lè san ti ọ̀sẹ̀ kìíní sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà ńbí.